Bí A Ṣe Ń Gbẹ́ Ẹkùn Jíjókòó Láti Ara Igi Tí Ìjì Wó

Ní Ifẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá. Ìjì ló máa ń ṣíwájú rẹ̀. Láti oṣù March títí wọ May, bí ooru ọ̀sán bá ti mú jù, tí ojú ọ̀run sì ṣú lójijì láti ìhà ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ jà, páànù á ṣí, igi á wó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn tó ni àáké á ti dé ìdí igi náà. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, mángòrò tí bàbá àgbà gbìn á ti di igi ìdáná. Ó máa ń dùn mí. Ìtì kan ṣoṣo nínú igi yẹn tó láti di ẹkùn tí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìtì tó ga ní íǹṣì 40, tó sì fẹ̀ ní íǹṣì 18 láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ìdí àáké, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: igi tútù yóò là. Ẹ ò lè dá a dúró. Ẹ lè yan ibi tí yóò ti là, iṣẹ́ yìí sì wà lórí yíyàn yẹn ju bí ojú ẹkùn náà ṣe rẹwà lọ.

Ẹkùn tí mo kọ́kọ́ gbẹ́, ara ayùnrẹ́ ni mo ti gbẹ́ ẹ. Ìparí oṣù November ni mo dán an tán, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá ní Lágéré lè rí i. Ọyẹ́ dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ "pá!" láti inú ilé. Nígbà tí mo jáde, ẹkùn ti là láti àtàrí, ó gba ojú ọ̀tún kọjá, ó dé àgbọ̀n. Àtàǹpàkò mi wọ inú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ti san ìdajì owó, mo sì dá owó rẹ̀ padà fún un. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi àáké kan ìtì láì tíì mọ ibi tí yóò ti là.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan igi tó wó

Bí igi bá wó lé wáyà iná, ẹ jìnnà sí i, kódà bí gbogbo àdúgbò bá wà nínú òkùnkùn. Wọ́n lè mú iná dé nígbàkigbà, jẹnẹrétọ̀ ilé kan sì lè ti iná padà sínú wáyà náà. Ẹ pe àwọn oníná, kí ẹ sì dúró dè wọ́n.

Igi tó wà nílẹ̀ yẹn kò tíì sinmi. Ẹ̀ka tó tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ dà bí ọrun tí ọdẹ fà: ẹni tó bá gé e láìwo ọ̀tún wo òsì, yóò ta á lójú. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni igi tó hú tòun ti gbòǹgbò. Bí wọ́n bá gé ìtì kúrò lára ìdí rẹ̀, ìdí náà pẹ̀lú gbogbo erùpẹ̀ tó gbé dání lè dìde padà sínú ihò. Inú ihò yẹn sì ni àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti ṣeré. Ẹ lé wọn kúrò kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ. Ní tèmi, n kì í gé igi ìjì fúnra mi; ọ̀gá tó ń fi ẹ̀rọ gé gẹdú ni mo máa ń sanwó fún, èmi á kàn fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí mo fẹ́.

Igi tó wó ní olówó. Ti inú ọgbà jẹ́ ti onílé, ti inú ọgbà ilé-ìwé jẹ́ ti ilé-ìwé, ti ẹ̀bá títì ní ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ín. Bí ẹ óò bá fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba, kí wọ́n má baà dá yín dúró lójú ọ̀nà. Ifẹ̀ sì ni a wà: bí ẹ bá rí aṣọ funfun lára igi, tàbí ìkòkò nídìí rẹ̀, ẹ wá àgbà agboolé náà kí ẹ tó bèèrè iye owó. Igi mìíràn wà tí a ò ní fún yín, ẹ kí wọn, kí ẹ sì máa lọ.

Ọ̀rọ̀ dídùn ń gba igi ju owó lọ. Mángòrò tí mo fi gbẹ́ ẹkùn mi tó dára jù, ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbàlagbà kan ló wó sí.

"Ẹ kú ewu ìjì o, Mà."

"Ewu iná kì í pa àwòdì, ọmọ mi."

"Ìtì ìsàlẹ̀ yìí ni mo wá bẹ̀ yín fún, Mà. Mo fẹ́ gbẹ́ ẹ."

"Mo ti ní kí wọ́n là á sídìí ààrò fún mi ná."

A sọ ọ́, a yanjú rẹ̀: gbogbo ẹ̀ka di ti ìdí ààrò, ìtì di tèmi, mo sì fi èyí tó ṣẹ́kù gbẹ́ àpótí ìjókòó kan fún wọn. Orí àpótí náà ni wọ́n ń jókòó bó ẹ̀gúsí títí di òní.

Igi wo, ẹranko wo?

Mángòrò ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó pọ̀ ní gbogbo ọgbà, kò le jù, àwọn iṣan rẹ̀ sì lọ́ mọ́ra wọn, nítorí náà kì í yára ya. Ọmọ̀ ló dára jù bí ẹ bá rí i: ó fúyẹ́, ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́ bí ọṣẹ, òun ni àwọn agbẹ́lù ń wá kiri. Ìrókò le, ikán kò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ eruku rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń dí èémí mọ́ ẹlòmíràn nínú. Ayùnrẹ́ ṣeé gbẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò máa ń jẹ apá funfun tó wà lẹ́bàá èèpo rẹ̀. Ẹ gbẹ́ apá yẹn dànù. Ẹ fi kaṣú sílẹ̀, oje rẹ̀ ń bó ara. Àràbà tóbi lójú, ó sì tètè ń jẹrà.

Ní ti ẹranko, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́gi ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni mo ti kọ́ ọgbọ́n kan. Béárì ni wọ́n fẹ́ràn láti máa gbẹ́, nítorí pé béárì wà nínú igbó wọn, àti pé béárì tó dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rí gẹ́lẹ́ bí ìtì: ọrùn kúkúrú, etí kúkúrú, apá tó lẹ̀ mọ́ àyà. Kò sí ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀ tó lè ṣẹ́. Béárì kò sí nínú igbó wa, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni. Ẹkùn tó jókòó bá ìtì mu. Ọ̀bọ tó ká ẹsẹ̀ bá a mu, òwìwí náà bá a mu. Ẹ má ṣe gbẹ́ àgbọ̀nrín. Ẹsẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìwo tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò gé iṣan igi ní ìbú, ibi tí a bá sì ti gé iṣan ní ìbú kò ní agbára kankan. Ọmọ kékeré lè fi ọwọ́ kan ṣẹ́ ẹ.

Ẹ yan ibi tí yóò ti là

Ọjọ́ tí wọ́n gé ìtì náà gan-an ni kí ẹ kun ojú rẹ̀ méjèèjì ní ọ̀dà tó nípọn, tàbí kí ẹ yọ́ àbẹ́là sí i. Ojú tí a gé ni omi fi ń yára jáde, ibẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ sán. Kí wọ́n fi íǹṣì 6 kún gígùn rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, nítorí ẹ óò gé etí méjèèjì dànù nígbà tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ojú ìtì náà dáadáa. Àmì kékeré kan wà tí gbogbo òbìrí igi yí ká: ọkàn igi nìyẹn. Bí omi ṣe ń gbẹ, igi ń sún kì, ṣùgbọ́n kì í sún kì bákan náà. Yíyí ká rẹ̀ ń sún kì ní bí ìlọ́po méjì bí ó ṣe ń sún kì láti èèpo wọnú. Ó dà bí aṣọ tí ẹ fọ̀ tí ó kì mọ́ ènìyàn lára: ibì kan gbọ́dọ̀ ya. Láti ọkàn igi sí èèpo ni ó sì máa ń ya sí.

Ẹ wo odó iyán. Ìtì igi ni òun náà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sábà là, nítorí pé agbódó ti gbẹ́ ọkàn igi kúrò níbẹ̀. Ohun tí a óò fara wé nìyẹn. Ọkàn igi kì í fi bẹ́ẹ̀ wà láàárín gan-an. Ó máa ń sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ yẹn ni mo ti rí i pé ìtì sábà máa ń là sí, nítorí náà òun ni ẹ óò fi ṣe ẹ̀yìn ẹkùn. Ẹ fi ayùn la ìlà kan láti ẹ̀yìn ọrùn títí dé ìdí, kí ó jìn dé ọkàn igi. Ó máa ń dun ènìyàn láti la igi tó pé, mo mọ̀. Ẹ là á. Bí igi bá ń gbẹ, ìlà yẹn ni yóò máa ṣí, iwájú á sì dúró pa. Lẹ́yìn náà ẹ yí ìtì dà, kí ẹ gbẹ́ inú ìdí rẹ̀ bí odó, kí ó jìn tó ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀.

Ẹ tún wá ìṣó. Mángòrò tó wà lẹ́bàá ilé ti ru okùn aṣọ rí, wọ́n ti kan pátákó mọ́ ọn rí. Ibi tí igi bá ti dúdú bí aró láìnídìí, irin wà nínú rẹ̀.

Irinṣẹ́

Àáké kan, àáké kékeré tí ẹnu rẹ̀ dábùú bí ti ọkọ́, ayùn, ṣísẹ́lì pẹlẹbẹ kan àti méjì tí ẹnu wọn ká bí èékánná, òòlù onígi, ọ̀bẹ, fáìlì, òkúta ìpọ́nbẹ. Ohun tí kò bá lè fá irun apá kò tíì mú. Ohun tó kúnú ló ń ṣá ènìyàn, nítorí pé a máa ń fi agbára tì í.

Ẹ̀rọ ìgégi ń mú iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di ti wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì kọ́ yín, ẹ lo àáké. Bí ẹ bá lò ó, ẹ má ṣe jẹ́ kí apá òkè ṣóńṣó irin rẹ̀ kan igi. Ibẹ̀ ló máa ń ta padà sójú ẹni. Irin tí ṣóńṣó rẹ̀ kéré wà fún àwọn agbẹ́gi, kì í ta padà tó èyí tí wọ́n fi ń gé gẹdú. Bàtà líle, awò ojú, ohun ìdití, ìbòmú: ẹ wọ gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ìwé tó bá ẹ̀rọ wá kí ẹ tó po epo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gba mìlílítà 100 ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sínú lítà 5 pẹtiróòlù.

Ọnà lílé

Orúkọ mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére wa fún ìpele iṣẹ́ yìí: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fífín. Mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fo dé orí fífín, tó ń gbẹ́ ojú nígbà tí ara kò tíì sí, yóò rí i pé orí kò bá ara mu, kò sì ní sí igi mọ́ láti fi tún un ṣe.

Ẹ bó èèpo. Ẹ fi èédú fa ìlà kan láti òkè dé ilẹ̀ ní àárín iwájú, ìlà yìí kò gbọ́dọ̀ parẹ́. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ kúrò, ẹ tún un fà. Láti òkè, ẹ ka íǹṣì 2 fún etí, 9 fún ojú títí dé àgbọ̀n. Láti ìsàlẹ̀, ẹ ka íǹṣì 4 fún ìdúró. Íǹṣì 25 tó kù láàárín jẹ́ ti àyà àti ẹsẹ̀. Itan ẹ̀yìn tó ká yóò ga tó íǹṣì 15 láti orí ìdúró, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹ gé ọrùn wọlé ní íǹṣì 2 ní ọ̀tún àti 2 ní òsì, kí ẹ sì gé 3 lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ dá ẹ̀yìn sílẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ọrùn, kí ó máa fẹ̀ bí ó ṣe ń lọ sí ìdí. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ rìn jìnnà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí ẹ wò ó. Bí ó bá jọ ẹkùn láti ibẹ̀ nígbà tí kò tíì ní ojú, ọnà ti lé. Bí ó bá jọ igò, ọrùn ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Bí ẹ bá ti ń ṣíwọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ẹ fi ọ̀rá wé e lé e lórí. Igi tútù ni a fẹ́ gbẹ́. Èyí tó ti gbẹ ń dá ọwọ́ lágara.

Àlétúnlé àti dídán

Níbí ni ẹ ti máa pín ohun ńlá sí kékeré. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì: ẹ ya wọ́n láti íǹṣì 13 lókè ìdúró wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe la àárín wọn já, kí igi tó wà lẹ́yìn wọn di wọ́n mú. Ìrù: ẹ jẹ́ kí ó ká mọ́ ìdí lórí ìdúró, kí ó má ta jáde. Imú àti ẹnu: ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí àpótí kékeré tó yọ síwájú, kí ẹ tó yí igun rẹ̀. Etí: kí ó kúrú, kí ó nípọn, kí ó rí roboto.

Dídán kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣísẹ́lì pẹlẹbẹ ni, kí ẹ máa tẹ̀ lé iṣan igi. Bí ó bá ń fà ya, ẹ ti òdìkejì wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ lo sánpépà. Èmi ṣì ń lo ewé ìpín fún ojú àti imú, mo máa ń rẹ ẹ́ sómi díẹ̀ kí n tó fi ra á. Ó ń wọ kọ̀rọ̀ tí sánpépà kì í wọ̀.

Fífín, pàápàá ojú

Kí ẹ tó gbẹ́ ojú, bí ẹ bá wà nítòsí Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ lọ wo ère Odùduwà tí Lámídì Fákẹ́yẹ gbẹ́. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí ní 1928, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ọnà ní Ifẹ̀ níbí, ó sì kú ní 2009. Ẹ wo bí ìpéǹpéjú ṣe gba ẹyin ojú mọ́ra.

Ẹ fa ojú méjèèjì kí ẹ tó fi irin kan ọ̀kan. Ẹ fi ṣísẹ́lì tó ká gbẹ́ kòtò yí i ká, kí àárín ṣẹ́kù bí ìdajì ẹyin àparò. Ẹ má ṣe parí ọ̀tún kí ẹ tó bọ́ sí òsì: díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, kí wọ́n jọ máa dàgbà. Ìpéǹpéjú òkè ni kí ẹ gé kọ́kọ́, kí ó nípọn bí owó ẹyọ, kí ó bo ẹyin ojú díẹ̀. Ìbòjú díẹ̀ yẹn ló ń mú kí ẹkùn dà bí ẹni tó ń wo nǹkan. Bí ojú bá ṣí gbagada, á dà bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ẹ má tíì ṣe àmì ara rẹ̀. Iná ni a óò fi ṣe é, igi tútù kò sì ní jó dáadáa.

Gbígbẹ rẹ̀

Ẹ gbé e sínú yàrá tí atẹ́gùn kò ti ń fẹ́ tààrà, lórí igi méjì kí abẹ́ rẹ̀ lè mí. Ẹ fi àpò kòkó bò ó fún oṣù àkọ́kọ́, kí ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Oòrùn kò gbọ́dọ̀ rí i. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ tún un bò.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń ra kòkó ní òṣùwọ̀n tó lè gbé e. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ kọ iye kílò rẹ̀ sára ògiri. Nígbà tí iye náà kò bá yí padà fún oṣù mẹ́ta, ó ti gbẹ. Ìtì tó nípọn tó báyìí lè lò ju ọdún kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìlà ẹ̀yìn yóò sì ti ṣí bí ẹnu V.

Ẹ gé èèkàn pẹlẹbẹ láti ara èyí tó kù nínú igi kan náà, kí ẹ fá a títí yóò fi wọ inú ìlà náà, kí ẹ sì fi gúlúù sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá lẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, igi á wá ibòmíràn là sí.

Nígbà yìí ni àmì ara. Àmì ẹkùn kì í ṣe tótòtó lásán: ní ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀, òrùka tí kò pàdé ni, ní ojú àti ẹsẹ̀ ló ti ń di tótó. Ẹ ki ẹnu páìpù onírin tó jẹ́ ìdajì íǹṣì bọ inú ẹyín iná títí yóò fi pọ́n, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́ kí òrùka náà má baà pé. Ẹ kà dé méjì, kí ẹ gbé e. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ awọ dì í mú, kí omi sì wà nítòsí. Fún tótó ojú, orí ìṣó gbígbóná tó.

Ibi tí yóò jókòó

Idẹ àti amọ̀ ni ayé fi mọ Ifẹ̀. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún nínú ilẹ̀. Ilẹ̀ wa kì í tọ́jú igi bẹ́ẹ̀. Ikán á jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹkùn yín kò gbọ́dọ̀ fara kan ilẹ̀: ẹ gbé e ka orí òkúta tàbí kọnkéré tó ga ní íǹṣì 4, kí omi lè máa sàn lábẹ́ rẹ̀. Bí ìta ni yóò wà, ẹ fi Solignum, oògùn tí ikán fi ń sá fún igi, kun inú ìdí rẹ̀ tí ẹ gbẹ́ bí odó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá orùlé kékeré sí i lórí. Bí inú ilé ni, epo linseed tí ẹ yọ́ ìda oyin sí tó, ẹ fi aṣọ ra á wọlé. Ẹ sá aṣọ náà sí gbangba lẹ́yìn náà, ẹ má ká a jù sí kọ̀rọ̀, torí pé epo yẹn lè dá iná sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ìparí October, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ fi ọwọ́ tọ ìlà ẹ̀yìn náà láti ọrùn dé ìdí. Bí èèkàn bá ti tú díẹ̀, ẹ fi òòlù onígi kàn án wọlé, ẹ tún epo rẹ̀ ra.